Secondina, Ẹni tí Ẹ̀yìn Òkè Bọ́ Sí Lọ́wọ́

Ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí òjò dídì bá ti bo àwọn òkè Langhe mọ́lẹ̀, Secondina kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó dìde. Ilé bàbá rẹ̀ tó ń gbé wà ní ṣóńṣó òkè gan-an, bí ẹni tó gun ẹṣin. Fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí gúúsù, fèrèsé yàrá kọjú sí àríwá. Ti ilé ìdáná ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbà àjàrà Irma ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Òjò dídì a ti yọ́ kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ a ti yọ síta, ooru a máa rú lára rẹ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá lọ sí fèrèsé yàrá láti wo tirẹ̀. Tirẹ̀ a ṣì funfun báláú, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà títí oṣù kẹta yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kò sí ọdún tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ọdún tí Secondina kò lọ wò ó.

Òkè kan ṣoṣo ni o, bàbá kan náà ló sì ni ín. Àwọn ará abúlé a máa pe apá tó kọjú sí gúúsù ní Ojú Oòrùn, wọ́n a sì máa pe apá kejì ní Ẹ̀yìn Òkè. Gaudenzio, bàbá àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, ló gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì bí ọkùnrin. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí ó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ mọ́, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó ju ẹ̀wà ńlá méjì sínú fìlà rẹ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Ó ní ẹni tó bá mú funfun ni yóò ni Ojú Oòrùn, ẹni tó bá mú dúdú ni yóò ni Ẹ̀yìn Òkè pẹ̀lú ilé, kí ilé lè dí àdánù rẹ̀. Irma ti pé ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, Secondina jẹ́ mọ́kànlélógún. Irma ló ní kí àbúrò òun kọ́kọ́ mú, nítorí pé Secondina ló kéré.

Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ti Secondina tàn án. Ó ki ọwọ́ bọ inú fìlà, ó yọ ẹ̀wà dúdú síta, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ayé òun ti gba ibòmíràn. Bàbá wọn kú kí wọ́n tó kórè ọdún náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Secondina fi ń yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò bí ẹni tó ń yẹ owó ayédèrú wò: kí ló dé tí Irma fi ní kí òun kọ́kọ́ mú? Ṣé ó ti rí i pé ẹ̀wà dúdú ló wà lókè ni? Kò sí ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n owú kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó fà á tí ọ̀rọ̀ náà fi le tó bẹ́ẹ̀ ni irú àjàrà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Nebbiolo ni wọ́n ń pè é, ọ̀lẹ sì ni. Òun ló ń kọ́kọ́ rúwé lára àwọn àjàrà yòókù, òun ló sì ń gbẹ̀yìn nínú pípọ́n. Kùrukùru oṣù kẹwàá a dé bá a lórí igi. Oòrùn pípẹ́ ló ń fẹ́, oòrùn tí kò ní kánjú lọ sílé. Ní Ojú Oòrùn, oòrùn a yọ sí i lórí láàárọ̀, a sì wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Ẹ̀yìn Òkè, nígbà tí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá fi máa lù ní ìparí oṣù kẹsàn-án, òjìji òkè a ti bò ó. Nítorí náà, wáìnì Irma a máa rùn bí òdòdó róòsì gbígbẹ, pẹ̀lú òórùn ọ̀dà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a sì kún ẹnu. Ti Secondina a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a kan, a sì gbẹ ahọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Nínú ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àjàrà rẹ̀ máa ń pọ́n tán. Àwọn ọdún mẹ́rin yòókù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń kó o fún, wọn a sì dà á pọ̀ mọ́ ti ọgọ́rùn-ún èèyàn.

Alágbàtà wáìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Pautasso, ọkùnrin onísùúrù tí imú rẹ̀ gùn, tí ó máa ń wá láti ìlú Alba lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀dọ̀ Irma ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Secondina a wà lójú fèrèsé, a máa ka iye ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀. Ìgbà tó bá wá gun òkè dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a ti pọ́n, a sì ti rẹ́rìn-ín tán. Ní ọdún kan, ó gbé ife Secondina kan ẹnu, ó gbé e mì, ó wo òrùlé.

Ó ní, "Secondina, wáìnì rẹ kò burú. Ó kàn dà bí ẹni tó ń bínú ni."

Secondina dá a lóhùn pé, "Ilé tó ti jáde náà ń bínú."

Oreste ọkọ rẹ̀, ọmọlúwàbí ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn hú àjàrà náà dànù, kí àwọn gbin igi kan tí èso rẹ̀ dà bí ẹ̀pà, tí àwọn oníṣokoléètì ń rà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe sí irú ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀. Secondina kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá hú u, Irma yóò máa wo ẹ̀yìn òkè, yóò sì mọ̀ pé òun ti gbà. Oreste ní Irma kì í wo ẹ̀yìn òkè. Ọwọ́ Irma dí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wọ Secondina lára jù. Òun ń wo ẹ̀gbọ́n òun lójoojúmọ́ ayé, ẹ̀gbọ́n òun kò sì wo òun.

Nígbà kan, ó gbà pé ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà. Òjò a máa wọ́ ilẹ̀ Ojú Oòrùn lọ sí kòtò ẹ̀bá ọ̀nà nísàlẹ̀, kòtò tí kò sí ẹni tó ni ín. Nígbà òtútù ọdún kan, Secondina gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìdájí, ó ń kó ilẹ̀ náà, ó ń gbé e gun òkè, ó ń dà á sídìí àjàrà tirẹ̀. Ó ṣe é láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta. Nígbà tí Oreste béèrè, ó ní ìgbẹ́ màlúù ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà tààrà mọ́ láti ọdún yẹn.

Kò pẹ́ sí i ni olùkọ́ kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ láti wá yẹ ilẹ̀ òkè náà wò. Ó gbé ìgò kékeré kan lọ́wọ́. Bí ó bá kán omi inú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ní ẹfun nínú, ilẹ̀ náà a hó ṣùùṣùù. Secondina tẹ̀ lé e. Ó kán an sí ilẹ̀ Irma, ó hó. Ó kán an sí ilẹ̀ Ẹ̀yìn Òkè níbi tí Secondina kò da ohunkóhun sí, ó hó bákan náà. Olùkọ́ náà ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo ibẹ̀ láyé àtijọ́, pé amọ̀ àti ẹfun kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ló ń fún wáìnì wọn ní egungun. Secondina béèrè pé kí wá ni ìyàtọ̀. Olùkọ́ náà na ìka sókè sí oòrùn, ó sì ti ìgò rẹ̀ bọ àpò. Secondina jókòó sórí òkúta. Ilẹ̀ ṣeé gbé lẹ́yìn. Ta ló lè gbé oòrùn?

Ọdún 1977 ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n gbé Delfino, ọkọ Irma, lọ sí ilé ìwòsàn ní Turin láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú. Irma tẹ̀ lé e, ó mú Loredana ọmọ rẹ̀ kékeré dání. Kó tó lọ, ó gun òkè wá bá àbúrò rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ooru sì mú, irú ojú ọjọ́ tí àrùn ewé fẹ́ràn. Irma bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun wo àjàrà òun láràárọ̀, kó sì ránṣẹ́ pe òun bí ó bá rí ohunkóhun. Tẹlifóònù wà ní ilé ọtí abúlé. Ó kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà sínú ìwé pélébé kan fún un.

Secondina lọ wò ó láràárọ̀. A kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn, kò sí ọjọ́ tí kò lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí i. Àbàwọ́n kéékèèké, ràkọ̀ràkọ̀, bí ibi tí òróró ta sí lára bébà. Ó yí ewé náà padà, ó rí ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ àjàrà ni, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un. Bí wọ́n bá tètè fín in ní omi búlúù tí wọ́n fi bàbà àti ẹfun pò, yóò dúró. Bí wọn kò bá fín in, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó ti tán.

Ó dúró síbẹ̀, ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé Ojú Oòrùn náà ń ṣàìsàn. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó rìn lọ sí ilé ọtí tí tẹlifóònù wà, ìwé nọ́ńbà náà wà lápò rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó ra iyọ̀, ó padà sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbé táńkì bàbà kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fín ọgbà tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ fi di búlúù. Ọjọ́rú dé, Ọjọ́bọ̀ dé, ọjọ́ Ẹtì dé. Láràárọ̀, ó ń lọ wò ó.

Irma dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ewé ti ń já sílẹ̀. Òdòdó àjàrà ti gbẹ lórí igi. Secondina sọ fún un pé òjijì ló dé, pé àná kò sí níbẹ̀. Irma sunkún díẹ̀, ó nujú, ó wọ bàtà iṣẹ́. Ohun tó kórè lọ́dún náà kò kún àgbá kékeré kan. Nítorí pé kò sí wáìnì tí wọn yóò tà, Delfino tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jiná lọ gba iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Kò tún lágbára mọ́ láti ìgbà náà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Dókítà ní ọkàn ni.

Ní Kérésìmesì ọdún tí àjàrà kú yẹn, Irma gbé àkùkọ ọlọ́ràá kan, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, gun òkè wá fún àbúrò rẹ̀. Ó ní àwọn ará abúlé sọ fún òun bí ó ṣe ń lọ wo ọgbà òun láràárọ̀. Secondina sè é. Oreste jẹ ẹ́, ó sì yìn ín. Secondina ní inú ń run òun.

Èèyàn lè rò pé ìyẹn á pa owú náà. Kò pa á. Ọdún kejì, Ojú Oòrùn tún so, wáìnì Irma tún dùn, Secondina sì tún dúró lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ó ní ohun kan tó ń gbé mì lójoojúmọ́ pẹ̀lú owú náà, bí ẹni tó gbé egungun ẹja mì tí kò lọ sísàlẹ̀, tí kò sì padà sókè. Oreste kú. Wọn kò bímọ. Loredana dàgbà, ó lọ kọ́ nípa wáìnì ní ilé ẹ̀kọ́ Alba, ó padà wá bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Secondina a máa gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti ìsàlẹ̀ òkè, wọn a máa jiyàn nípa àgbá tàbí nípa ọbẹ̀, yóò sì máa jowú iyàn tí wọ́n ń jà.

Lẹ́yìn náà ni ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Òjò dídì kò pọ̀ mọ́, kùrukùru ń pẹ́ kó tó dé, ìkórè tí wọ́n máa ń ṣe ní àárín oṣù kẹwàá ti ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án. Ní ọdún 2003, láti oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹjọ, òjò kò rọ̀ tó ohun tí yóò tẹ́ ìsàlẹ̀ korobá. Ewé àjàrà Ojú Oòrùn ká jọ bí ọwọ́ arúgbó. Èso rẹ̀ hunjọ lórí igi. Wáìnì tí Irma rí ṣe dùn gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀, ó wúwo, ó ń rùn bí èso tí wọ́n sè jóná, kíkan tó yẹ kó gbé e dúró ti gbẹ kúrò nínú rẹ̀.

Ní Ẹ̀yìn Òkè, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ wá láti orí àwọn òkè Alps lálẹ́. Òjìji tí Secondina ti fi ogójì ọdún bú bo àjàrà rẹ̀ lọ́sàn-án bí ìyá tó fi ìborùn bo ọmọ. Èso náà pọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú. Nígbà tí Secondina já ọ̀kan tó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́, kóró inú rẹ̀ ti di àwọ̀ igi, àmì pé ó pọ́n dé inú kóró. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àjàrà, ó sì jẹ odidi ìdì kan tán.

Pautasso ti di arúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń gun òkè. Ó tọ́ wáìnì ọdún náà wò. Ó tún gbé e kan ẹnu.

Ó ní, "Ta ló bá ọ ṣe èyí?"

Secondina ní, "Ta ló bá mi ṣe èyí tí ń bínú?"

Pautasso rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ra gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Secondina wọ bàtà tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó sórí ìjókòó tó wà níwájú Irma gan-an.

Ìsinmi mìíràn, Irma pè é wá jẹun ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Loredana ń yin wáìnì náà lórí oúnjẹ, ó ní àwọn èèyàn ti ń béèrè fún un ní Alba, pé irú ilẹ̀ bíi ti Àǹtí òun ni gbogbo ayé yóò máa wá báyìí. Irma gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yára wo ibòmíràn. Secondina mọ ojú yẹn. Ojú òun fúnra rẹ̀ ni. Ogójì ọdún ló ti fi ń dúró dè é, ó sì gbé e lọ sílé bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. Ó yó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí Irma àti Loredana tí wọ́n jọ ń gé ẹ̀ka àjàrà tó ti gbẹ, tí ọmọ ń gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ó wo ilé tirẹ̀ yíká. Ó ti borí, kò sì rí ẹni tí yóò gbé ìṣẹ́gun náà fún.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ooru tún mú bákan náà. Irma gun òkè wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá. Èémí rẹ̀ kò dọ́gba. Ó jókòó ní ilé ìdáná, ó gba kọfí, ó wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní wáìnì òun ní ẹran, kò ní egungun. Ti Secondina ní egungun. Bàbá wọn kò pín wáìnì òkè náà sí méjì rí nígbà ayé rẹ̀. Inú àgbá kan náà ló ń da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí. Kí ló dé tí àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Secondina rí bí ó ṣe nira fún un tó láti béèrè, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó fẹ́ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun á rò ó.

Irma ní, "Mi ò lè bá ẹlòmíràn ṣe é. Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán. Ọdún tí Delfino wà nílé ìwòsàn, àbí ta ló bá mi ṣọ́ ọgbà?"

Egungun ẹja yẹn yí padà lọ́fun Secondina. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Irma, mo rí i."

"O rí kí ni?"

"Àbàwọ́n ara ewé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lo dé. Mo mú nọ́ńbà yẹn dání lọ sídìí tẹlifóònù, mi ò pè ọ́."

Irma béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé o fín tìrẹ?"

"Mo fín in."

"Ojú abẹ Delfino ṣì ń sun omi nígbà tó lọ ń gbé bíríkì," ni Irma wí. Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò ti ilẹ̀kùn.

Fún ọdún méjì gbáko, àwọn ọmọ ìyá kan náà kò sọ̀rọ̀ síra wọn lórí òkè kan náà. Irma yí ìjókòó rẹ̀ padà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Loredana a máa kí àǹtí rẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í dúró. Wáìnì Secondina ń tà, àwọn àlejò ń gun òkè wá pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń yìn ín, ó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó ń jowú ohun tí kò jowú rí: pé Irma ní ẹ̀tọ́ láti bínú, pé ó ní ẹni tí wọ́n jọ ń bínú, tí òun sì jẹ̀bi láìní ẹnì kan tí yóò jẹ̀bi pẹ̀lú òun.

Ní oṣù keje ọdún kẹta, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, ìkùukùu kan tó ní àwọ̀ ewé bíbàjẹ́ dìde láti ìhà àwọn òkè Alps. Yìnyín tó tóbi tó ẹyin àdàbà já lu Ẹ̀yìn Òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dé góńgó òkè, ó sì dúró níbẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ewé kan kò ya ní Ojú Oòrùn. Ti Secondina, ó dà bíi pé ewúrẹ́ ọgọ́rùn-ún gba ibẹ̀ kọjá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sunkún, kò lè bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo Ojú Oòrùn tó ń dán lẹ́yìn òjò, ó sì rò ó pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí nínú ọgbà. Irma ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, ó ti wọ bàtà iṣẹ́, ó ń gé àwọn èso tó fọ́ kúrò kí wọ́n má baà jẹrà ba àwọn tó kù jẹ́. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Secondina mú àlùmọ́gàjí tirẹ̀, ó bọ́ sí apá kejì ìlà náà. Ewé tó ya ló wà láàárín wọn. Wọ́n ṣe ìlà mẹ́ta láìsọ̀rọ̀.

Ní ìlà kẹrin, Irma sọ̀rọ̀, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Nígbà tí mo rí i pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ìkùukùu yẹn dorí kọ, inú mi dùn."

Secondina dúró.

"Ó tó ìgbà tí èèyàn á fi ka 'Mo kí ọ Maria' kan tán," ni Irma wí. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú mi sì ń dùn. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń dùn bẹ́ẹ̀."

"Kì í pẹ́," ni Secondina wí.

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o gbọ́ o, mi ò dárí jì ọ́."

"Mo mọ̀."

"Gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ yẹn. Ó ti fọ́ lẹ́yìn."

Secondina gé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, Loredana sì wá bá wọn ní ọjọ́ kejì. Ohun tó kù lórí igi kò tó ìdá mẹ́rin ohun tó so, ṣùgbọ́n ó pọ́n. Kò tó dá àgbá kan kún. Ní oṣù kẹwàá, láìsí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan, Loredana gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó sì dà á pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ̀.

Ìjà tó wà nídìí orúkọ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìgò gba oṣù mẹ́rin. Loredana ní kí wọ́n tò ó bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò ó, Irma ṣáájú, Secondina tẹ̀ lé e. Secondina ní òun á fẹ́ mọ ẹni tó to álífábẹ́ẹ̀tì, pé ó dájú pé àkọ́bí ni. Ó kọ̀ láti wá jẹun ní ọjọ́ Ìsinmi méjì. Ní ti ìkẹta, ó wá, nítorí pé Irma ṣe ẹran tí ó fẹ́ràn.

Wọ́n ti dàgbà jọjọ báyìí. Secondina ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, àwọn tó mọ wáìnì sì ń sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Nígbà òtútù, àwọn méjèèjì a máa jókòó sídìí ààrò Irma, wọn a máa da wáìnì náà díẹ̀ sínú omi ẹran gbígbóná bí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń ṣe, wọn a sì máa jiyàn. Irma a ní ohun tó ń dùn lẹ́nu yẹn, tòun ni. Secondina a ní ohun tó ń mú un dúró lẹ́nu ńkọ́?

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí Irma lọ mú igi wá, Secondina rọra fà mọ́ Loredana.

Ó ní, "Láàárín èmi àti ìwọ, tèmi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àbí?"

Loredana ní, "Àǹtí, dọ́gba-dọ́gba ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n."

Secondina mi orí, ó mu omi ẹran rẹ̀. Kò gbà á gbọ́ títí di òní.